Georg Simon Ohm

Georg Simon Ohm (ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789 – ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Òun ni ó fi àyẹ̀wò ṣe àwárí bí fóltéèjì, ìṣàn iná àti ìdènà ṣe so mọ́ ara wọn nínú wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Òfin yìí ni gbogbo ayé ń pè ní òfin Ohm, orúkọ rẹ̀ náà ni a sì fi sọ òṣùwọ̀n ìdènà iná, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Ω. Lónìí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè kọ òfin náà sílẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ohm kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé ní ọdún 1827, àwọn tí ó gbà á gbọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ipò olùkọ́ sílẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní iṣẹ́ tí ó tó ìmọ̀ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó mọ iyì ohun tí ó ṣe.

Ìbí àti ìgbà èwe

A bí Ohm ní ìlú Erlangen, tí ó wà ní Bavaria lónìí. Bàbá rẹ̀, Johann Wolfgang Ohm, jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ìyá rẹ̀, Maria Elisabeth Beck, jẹ́ ọmọ aránṣọ kan ní ìlú náà. Ọmọ 7 ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n 3 péré ni ó dàgbà: Georg, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ń jẹ́ Martin, àti arábìnrin wọn Elizabeth Barbara. Nígbà tí Georg jẹ́ ọmọ ọdún 10 ni ìyá wọn kú.

Bàbá wọn kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó fi ìwé kíkà kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ní ìṣirò, físíksì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Láti ọmọ ọdún 11 títí di 15, Georg lọ sí Gymnasium ìlú Erlangen, níbi tí wọn kò ti fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ tí ó ń gbà nílé lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ju èyí tí ó ń gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Karl Christian von Langsdorf, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Erlangen, dán àwọn ọmọ náà wò, ẹnu sì yà á débi pé ó fi wọ́n wé àwọn Bernoulli, ìdílé kan ní Swítsálandì tí ó ti bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò. Martin náà padà di onímọ̀ ìṣirò tí a mọ̀ dáadáa ní Berlin.

Ẹ̀kọ́ ní yunifásítì àti àkókò rẹ̀ ní Swítsálandì

Ní ọdún 1805, Ohm wọ Yunifásítì Erlangen. Ṣùgbọ́n kò jókòó ti ìwé rẹ̀. Ijó, eré bíliádì àti eré yíyọ̀ lórí omi dídì ni ó gba àkókò rẹ̀. Inú bí bàbá rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ọmọ náà ń fi àǹfààní tí òun kò ní rí ṣòfò. Lẹ́yìn sáà mẹ́ta, ó mú kí Ohm kúrò ní yunifásítì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806, Ohm lọ sí Swítsálandì, ó sì di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gottstatt, lẹ́bàá ìlú Nidau.

Nígbà tí Langsdorf kúrò ní Erlangen lọ sí Heidelberg ní ọdún 1809, Ohm fẹ́ tẹ̀ lé e kí ó lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Langsdorf gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa dá kọ́ ara rẹ̀, kí ó sì ka ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò bí Euler, Laplace àti Lacroix. Ohm gba ìmọ̀ràn náà. Ó kúrò ní Gottstatt, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé wọn ní Neuchâtel fún ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kàwé fúnra rẹ̀. Ìwé tí ó dá kà yìí ló padà wúlò fún un jùlọ. Nígbà tí ó padà sí Erlangen ní oṣù Kẹrin ọdún 1811, ìmọ̀ rẹ̀ ti tó débi pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún náà, yunifásítì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ olùkọ́ ní Bamberg àti Cologne

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ohm bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Erlangen. Ṣùgbọ́n owó tí ń wọlé fún un kò tó jẹun, kò sì sí ìrètí ìgbéga. Lẹ́yìn sáà mẹ́ta, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1813, ìjọba Bavaria fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò àti físíksì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bamberg. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dára, inú Ohm kò sì dùn síbẹ̀. Wọ́n tì í pa ní oṣù Kejì ọdún 1816. Láàárín àkókò yìí ni ó kọ ìwé kan lórí jiọ́mẹ́tírì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia. Iṣẹ́ náà tẹ́ ọba lọ́rùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1817, wọ́n fún Ohm ní ipò olùkọ́ ìṣirò àti físíksì ní Gymnasium àtijọ́ àwọn Jesuit ní ìlú Cologne, tí ó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà.

Cologne ni ayé Ohm ti yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní yàrá àyẹ̀wò físíksì tí ó ní ohun èlò tó pọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Ohm, ó sì mọ bí a ti ń fi irin ṣe nǹkan, nítorí náà ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò tí kò bá sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá kọ́ àwọn ọmọ tán, yóò padà sí ìdí àyẹ̀wò rẹ̀. Ó tún ń ka ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Fránsì, pàápàá ìwé tí Joseph Fourier tẹ̀ jáde ní ọdún 1822 lórí bí ooru ṣe ń rìn nínú ohun líle. Fourier fi hàn pé ooru ń ṣàn láti ibi tí ó gbóná sí ibi tí ó tutù, àti pé bí ìyàtọ̀ ìgbóná bá ṣe pọ̀ sí ni ìṣàn rẹ̀ ń pọ̀ sí. Ohm bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá iná mànàmáná náà ń ṣàn bẹ́ẹ̀ nínú wáyà.

Ipò tí ìmọ̀ iná mànàmáná wà nígbà náà

Ní ọdún 1800, Alessandro Volta ti Itálíà kéde bátìrì àkọ́kọ́, tí ó lè mú kí iná máa ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún 1820, Hans Christian Ørsted ti Dẹ́nmárkì rí i pé bí iná bá ń kọjá nínú wáyà, abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà nítòsí yóò yí kúrò ní ipò rẹ̀. Àwárí yìí fún àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà láti wọn ìṣàn iná: bí ìṣàn bá ṣe lágbára tó ni ipá tí abẹ́rẹ́ náà ń fara gbà ṣe ń pọ̀ tó.

Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tí ó fi òye tí ó dájú hàn nípa ohun tí ń mú kí ìṣàn pọ̀ tàbí kí ó dín kù. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé wáyà gígùn máa ń dín iná kù, pé wáyà tí ó nípọn dára ju èyí tí ó tínrín lọ, àti pé bàbà ń gba iná kọjá ju irin lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ìṣirò tí ó lè sọ iye rẹ̀. Henry Cavendish ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti súnmọ́ òfin náà ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú Ohm, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde; ọdún 1879 ni James Clerk Maxwell tó gbé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta. Ohm kò mọ̀ nípa wọn rárá.

Àyẹ̀wò ọdún 1825 àti 1826

Ní ọdún 1825, Ohm tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó lo bátìrì irú ti Volta, ó so wáyà oríṣiríṣi gígùn mọ́ ọn, ó sì wọn bí ipá tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń dín kù bí wáyà ṣe ń gùn sí i. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: bátìrì ìgbà náà kì í dúró lójú kan. Bí iná bá ti ń ṣàn nínú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń yí padà. Nítorí náà, ìlànà ìṣirò tí Ohm kọ́kọ́ gbé jáde kò tọ̀nà. Ó ti yára jù láti tẹ̀ ẹ́ síta. Kò gbèjà àṣìṣe náà. Ó padà sí ìdí iṣẹ́, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Johann Christian Poggendorff, olóòtú ìwé ìròyìn físíksì tí ó gbajúmọ̀ ní Jámánì, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi bátìrì sílẹ̀, kí ó lo àwárí tí Thomas Johann Seebeck ṣe ní ọdún 1821. Seebeck rí i pé bí a bá so irin méjì tí kò jọra pọ̀ ní orí kejèèjì, tí a sì mú kí oríta kan gbóná, kí èkejì tutù, iná yóò máa ṣàn nínú wọn. Ohm so bàbà mọ́ bismuth. Ó ki oríta kan bọ inú omi tí ń hó, ó sì fi èkejì sínú yìnyín. Níwọ̀n ìgbà tí omi ń hó, tí yìnyín sì ń yọ́, ìyàtọ̀ ìgbóná àárín wọn kì í yí padà, nítorí náà orísun iná náà dúró ṣinṣin. Ohun tí bátìrì kò lè fún un ni omi gbígbóná àti yìnyín fún un.

Ó wá mú wáyà bàbà 8 tí wọ́n nípọn bákan náà, tí gígùn wọn jẹ́ ínṣì 2, 4, 6, 10, 18, 34, 66 àti 130. Ó ń so wọ́n mọ́ orísun iná náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wọn ipá tí abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ń fara gbà. Wáyà tí ó gùn jùlọ jẹ́ ìlọ́po 65 èyí tí ó kúrú jùlọ, ṣùgbọ́n ipá tí ó wà lórí abẹ́rẹ́ kò dín kù ní ìlọ́po 65. Ìlọ́po 7 ni kò tó pé. Ohm rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe wáyà tí a so mọ́ ọn nìkan ni ó ń dènà iná. Ara orísun iná náà, bàbà àti bismuth inú rẹ̀, ní ìdènà tirẹ̀. Nínú àyẹ̀wò yìí, ìdènà inú náà dọ́gba pẹ̀lú ti wáyà tí ó gùn tó nǹkan bí ínṣì 20. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi 20 kún gígùn wáyà kọ̀ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra: 22 sí 150, èyí tí í ṣe ìlọ́po 7 díẹ̀ dín.

Láti inú èyí ni ó ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀: X = a ÷ (b + x). X dúró fún ìṣàn iná, a fún ipá orísun iná, b fún ìdènà tí ó wà nínú orísun náà, x sì dúró fún ìdènà wáyà tí a so mọ́ ọn. Nígbà tí ó yí ìgbóná padà, a nìkan ni ó yí padà. B dúró bí ó ti wà. Èyí fi hàn pé ohun tí ń ti iná lọ àti ohun tí ń dènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan méjì tí ó yàtọ̀ síra. Òfin Ohm nìyí, bí a tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn lónìí.

Ìwé ọdún 1827 àti ìtakò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1826, ilé-ẹ̀kọ́ Cologne fún Ohm láyè ọdún kan pẹ̀lú ìdajì owó oṣù. Ó lọ sí Berlin lọ́dọ̀ Martin àbúrò rẹ̀ láti kọ ìwé rẹ̀. Ìwé náà, Die galvanische Kette, mathematisch bearbeitet, jáde ní Berlin ní ọdún 1827. Ó fi ìṣirò ṣàlàyé gbogbo bí iná ṣe ń ṣàn yí ká nínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí Fourier ti ṣe fún ooru. Ìrètí Ohm ni pé ìwé yìí yóò gbé e dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì.

Ohun tí ó retí kò ṣẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíksì ní Jámánì nígbà náà kò gbà pé ìṣirò gíga ni ó yẹ kí a fi wá òye ìṣẹ̀dá. Ìwé náà kún fún ìṣirò tí ó ṣòro, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àyẹ̀wò tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀, débi pé ẹni tí kò bá ka ìwé rẹ̀ ti ọdún 1826 lè rò pé èrò orí lásán ni. Georg Friedrich Pohl, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀, bẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Prussia kò sì fún Ohm ní ipò tí ó ń wá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1828, Ohm fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀. Ó dúró sí Berlin, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní ìṣirò fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, owó tí ń wọlé fún un kò sì tó nǹkan. Ọdún márùn-ún ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1833 ni ó tó rí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nuremberg, Bavaria. Ní ọdún 1839, ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ipò yìí dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe yunifásítì tí ó ti ń retí.

Ìdánimọ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni òfin Ohm ń fìdí múlẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Gustav Fechner ní Leipzig fi ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1831. Heinrich Lenz ní Rọ́ṣíà lò ó nínú iṣẹ́ tirẹ̀, Claude Pouillet ní Fránsì náà sì gbé àyẹ̀wò tí ó bá a mu jáde. Ní ọdún 1841, wọ́n tú ìwé Ohm sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yìí kan náà ni Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fún un ní Copley Medal, tí ó wà lára àwọn ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì tí ó lọ́lá jùlọ nígbà náà. Ní ọdún 1842, ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún 14 ti kọjá láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ ti jáde kí ọlá yìí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ òkèèrè ni ó sì ti wá. Ní ọdún 1845, Akadẹ́mì Bavaria sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún.

Ní ọdún 1843, Ohm tún gbé òfin kan jáde nípa ìgbọ́ràn: etí ènìyàn máa ń pín ìró tí ó díjú sí àwọn ohùn kéékèèké tí ó para pọ̀ dá a sílẹ̀. August Seebeck, ọmọ Thomas Johann Seebeck tí àwárí rẹ̀ ti ran Ohm lọ́wọ́ ní ọdún 1826, ta ko òfin yìí gan-an. Lẹ́yìn ikú Ohm ni Hermann von Helmholtz gbé òfin náà dìde padà, ó sì kọ́ iṣẹ́ ńlá tirẹ̀ lórí ìgbọ́ràn lé e.

Òfin Ohm àti bí a ṣe ń fi í ṣe ìṣirò

Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ òfin Ohm lónìí, fóltéèjì (V) dọ́gba pẹ̀lú ìṣàn iná (I) lọ́nà ìdènà (R): V = I × R. Volt ni a fi ń wọn fóltéèjì, ampere ni a fi ń wọn ìṣàn, ohm ni a sì fi ń wọn ìdènà. Bí a bá mọ méjì nínú mẹ́ta yìí, a lè ṣírò ẹ̀kẹta. Láti mọ ìdènà, a ó pín fóltéèjì sí ìṣàn: R = V ÷ I. Bí bátìrì ọkọ̀ tí ó jẹ́ 12 V bá ń tan gílóòbù kan, tí ìṣàn rẹ̀ jẹ́ 2 A, ìdènà gílóòbù náà nígbà tí ó ń tàn jẹ́ 12 ÷ 2, èyí tí í ṣe 6 Ω.

Agbára iná, tí a fi watt wọ̀n, ni iye iṣẹ́ tí iná ń ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóltéèjì lọ́nà ìṣàn ni: P = V × I. Gílóòbù òkè yìí ń lo 12 × 2, èyí tí í ṣe 24 W. James Prescott Joule ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi hàn ní ọdún 1841 pé ooru tí ń jáde lára wáyà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń bá ìdènà àti ìṣàn onílọ̀ọ́po méjì lọ: P = I × I × R. Bí a bá fi òfin Ohm sí i, a tún lè kọ ọ́ báyìí: P = V × V ÷ R.

Àwọn ìlànà yìí ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí nínú ilé lójoojúmọ́. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tí a kọ 1,000 W àti 230 V sí lára ń fa ìṣàn 1,000 ÷ 230, ìyẹn nǹkan bí 4.35 A, ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 52.9 Ω. Bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀ sí 160 V, tí ìdènà áyọ́ọ̀nù náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, agbára rẹ̀ yóò jẹ́ 160 × 160 ÷ 52.9, tí í ṣe nǹkan bí 484 W. Fóltéèjì dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n agbára dín kù ju ìdajì lọ. Ìdí nìyí tí áyọ́ọ̀nù kì í fi í gbóná dáadáa nígbà tí iná bá rẹlẹ̀.

Bákan náà ni ti wáyà. Bí ìdènà wáyà kan bá jẹ́ 0.5 Ω, tí ìṣàn 10 A sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, wáyà náà yóò gba 5 V, ooru 50 W yóò sì máa jáde lára rẹ̀. Bí ìṣàn bá di 20 A, ooru náà kì yóò jẹ́ 100 W bí kò ṣe 200 W. Nítorí náà ni ó fi léwu láti so ohun èlò púpọ̀ mọ́ wáyà tínrín: ìṣàn di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin.

Òfin Ohm ní ààlà tirẹ̀. Ó péye fún àwọn irin bí bàbà nígbà tí ìgbóná wọn kò bá yí padà. Okùn tínrín inú gílóòbù máa ń ní ìdènà púpọ̀ sí i bí ó bá ti ń gbóná, nítorí náà ìdènà rẹ̀ nígbà tí ó tutù yàtọ̀ sí ti ìgbà tí ó ń tàn. Ohun èlò bí dáyóòdù kò tẹ̀ lé òfin náà rárá, nítorí pé ìṣàn inú wọn kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóltéèjì.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ikú

Ní ọdún 1849, Ohm kó lọ sí Munich. Wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn ohun èlò físíksì Akadẹ́mì Bavaria, ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Munich. Ní ọdún 1852, wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n físíksì àyẹ̀wò ní yunifásítì náà. Ipò tí ó ti ń wá láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ ti jáde ni èyí. Ọdún 25 ni ó fi dúró dè é, ó sì ti pé ọmọ ọdún 63. Kò lò ju ọdún méjì lọ nínú rẹ̀. Ó kú ní Munich ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854, ní ọmọ ọdún 65. Ibi ìsìnkú àtijọ́ tí ń jẹ́ Alter Südfriedhof ní Munich ni wọ́n sin ín sí. Kò gbéyàwó ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Lẹ́yìn ikú Ohm, iṣẹ́ tẹ́lígíráàfù túbọ̀ tàn kálẹ̀ sí i. Àwọn tí ń tẹ́ okùn rẹ̀ sórí ilẹ̀ àti sí abẹ́ òkun rí i pé wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìní òṣùwọ̀n ìdènà kan tí gbogbo ènìyàn gbà. Nípa wíwọn ìdènà ni wọ́n ń fi mọ ibi tí okùn ti já nínú ibú. Láti ọdún 1861, ìgbìmọ̀ kan ti British Association bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òṣùwọ̀n yìí, orúkọ Ohm sì ni wọ́n lò fún un. Ní ọdún 1881, àpérò àgbáyé lórí iná mànàmáná ní Paris fọwọ́ sí ohm, volt àti ampere gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n àgbáyé. Ní ọdún 1893, àpérò ní Chicago ṣàpèjúwe ohm gẹ́gẹ́ bí ìdènà ọ̀wọ̀n mẹ́kúrì tí ó gùn ní 106.3 cm nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá ti yìnyín tí ń yọ́ mu. Láti ọdún 2019, àwọn iye àdánidá tí kì í yí padà ni a gbé ìtumọ̀ ohm lé.

Gustav Kirchhoff kọ́ àwọn òfin tirẹ̀ ti ọdún 1845 lórí ìpìlẹ̀ tí Ohm fi lélẹ̀, Charles Wheatstone náà sì lò ó láti fi hàn bí a ṣe lè wọn ìdènà dáadáa. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nuremberg ń jẹ́ orúkọ Ohm lónìí, kòtò kan lórí òṣùpá náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ alágbẹ̀dẹ Erlangen àti ọmọ rẹ̀ ti hàn jùlọ ni ara àwọn ohun èlò tí àwọn oníṣẹ́ iná ń gbé lọ́wọ́ níbi gbogbo: bí wọ́n bá ti yí mítà wọn sí àmì Ω, ohun tí Ohm fi omi gbígbóná àti yìnyín wọ̀n ní Cologne ni wọ́n tún ń wọ̀n.